Ọkùnrin Tó Jókòó Sẹ́yìn Sol

Ọjọ́ tí Ok Hye-rin kọ́kọ́ wọ ilé Pyo Dong-uk ní Tongyeong, ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gba ọsàn lọ́wọ́ ìyá Dong-uk tó ti darúgbó.

Kò já a gbà o. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ ṣé o, Màmá," bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bó o fún. Ṣùgbọ́n ẹnu Sol, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ọsàn náà ń lọ, ọmọ sì ti la ẹnu sílẹ̀ dè é. Nígbà tí kò rí nǹkan kan kó wọlé, ó figbe ta. Igbe náà dé ìsàlẹ̀, níbi tí Dong-uk ti ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó sáré gun àtẹ̀gùn.

Ó bá obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé lórí ìkúnlẹ̀, tó di ọsàn mú. Ìyá rẹ̀ dúró lé obìnrin náà lórí bí ẹni tó fẹ́ jà. Sol ti nà gbalaja sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

"Ta ló pa á lẹ́kún?" Dong-uk béèrè.

"Èmi ni," obìnrin náà dáhùn. "Ẹ má bínú. Èmi ni tíṣà tí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní kó wá. Ṣé ẹ̀yin ni Bàbá Sol?"

"Èmi ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ wá jókòó sẹ́yìn rẹ̀."

Dong-uk wo ọwọ́ rẹ̀ tí gíríìsì bò mọ́lẹ̀. Ó wo ojú obìnrin náà. Kò tíì sí ẹni tó wọ ilé yẹn láti ọdún méjì tó ní kó wá jókòó. Gbogbo wọn ló ń ní kó ṣe sùúrù. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó jókòó.

Sol kì í sọ̀rọ̀. Kò sọ "màmá," kò sọ "omi," kò tilẹ̀ ń nàka sí nǹkan. Ìyá tó bí i ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ulsan ní ọdún tí dókítà sọ ohun tó ń ṣe ọmọ náà, ó sì ti fẹ́ ọkọ mìíràn níbẹ̀. Ìyá Dong-uk ló ń tọ́ Sol, ó sì ń fi ìtọ́jú náà yangàn. Kí ọmọ tó mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ife ti dé ẹnu rẹ̀. Kí òtútù tó mú un, wọ́n ti wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un. Ní àdúgbò etí omi yẹn, ẹni tó bá dúró dìgbà tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fúnni, wọ́n á ní kò mọ ohun tó wà lójú èèyàn, wọ́n á sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Hye-rin yọ káàdì kékeré kan jáde, àwòrán ọsàn ló wà lára rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ sáàárín òun àti Sol.

"Èmi ni mo ní ọsàn, iwájú rẹ̀ ni mo máa wà," ó ní. "Ẹ̀yin ẹ wà lẹ́yìn. Tó bá nawọ́ sí ọsàn, ẹ rọra di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ fi mú káàdì, ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀."

"Kí n má sọ nǹkan kan rárá?"

"Ẹni tó wà lẹ́yìn kì í sọ̀rọ̀, Bàbá Sol. Tẹ́ ẹ bá ń ní 'mú un, gbé e,' ohùn yín lá á máa dúró dè. A fẹ́ kó jẹ́ pé ohun tó wù ú ló gbé ọwọ́ rẹ̀."

"Wọ́n gbé iṣẹ́ fẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe," ìyá Dong-uk ké láti ìdí sítóòfù. "Odi ni òun náà láti ọjọ́ tí mo ti bí i."

Wọ́n ṣe é nígbà ogún lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ kékeré nínú ọwọ́ ńlá, káàdì, àtẹ́lẹwọ́ tíṣà. Ní gbogbo ìgbà ni Hye-rin ń kígbe ayọ̀ bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, "Ọsàn! O fẹ́ ọsàn!" tí á sì fún un ní ẹyọ kan. Dong-uk ò sọ̀rọ̀. Ibi tó jókòó sí, ojú obìnrin náà nìkan ló rí, lókè orí ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni ó ń wá. Kí oṣù kan tó pé, Dong-uk ti di ẹni tí kò lè jókòó lọ́jọ́ Ajé. Á tú ẹ́ńjìnnì tí kò bàjẹ́, á tò ó padà. Á fọ ọwọ́ ní ìgbà mẹ́rin, á gbo ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wo èékánná rẹ̀. Ó mọ ohun tó ń ṣe òun, ẹ̀rù sì ń bà á. Ó ti nífẹ̀ẹ́ tíṣà ọmọ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, bí Hye-rin ti wí fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ọwọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kejìlá, ó dẹ̀ ẹ́ tán pátá. Sol wo ọsàn. Ó wo káàdì. Ó fi ìka méjì he é nílẹ̀, ó sì gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ Hye-rin fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà Hye-rin kígbe, ó gbé odindi ọsàn fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Dong-uk fẹ́ sọ nǹkan.

"Ẹ lè sọ̀rọ̀ wàyí," Hye-rin wí fún un.

"Ẹ ṣé," ó ní.

"Ìyẹn nìkan?"

"Ẹ ṣé gan-an."

Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Tó bá jẹ́ èmi ni, ì bá ti jẹ ẹ́ tán láti àárọ̀."

Ìjà wà láàárín àwọn obìnrin méjèèjì, ẹ má jẹ̀ẹ́ n tàn yín. Lọ́jọ́ kan Sol kọ̀, kò tilẹ̀ wo káàdì. Hye-rin gbọ́ òórùn, ó wo àpò épírọ́ọ̀nù arúgbó náà. Èèpo ọsàn kún inú rẹ̀.

"Màmá, ọsàn mélòó ló ti jẹ lónìí?"

"Ta ní ń jẹ ọsàn?"

"Màmá."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣe bí ẹni tí kò mọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni? Ṣé ọmọ òrukàn ni, tí á máa tọrọ oúnjẹ nínú ilé baba ẹ̀?"

Hye-rin kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan ni. Lọ́jọ́ tó bá wọ ilé ìwé, ta ló máa mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo mọ̀ pé ó máa dùn yín."

Arúgbó náà kó èèpo ọsàn dànù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sí abẹ́ épírọ́ọ̀nù nígbà tí ọmọ bá ń wá nǹkan, bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ lè sá lọ.

Dong-uk ní tirẹ̀ ń fi iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó ń mú ilẹ̀ yàrá Hye-rin gbóná kọṣẹ́. Ó lọ tún un ṣe. Ó pààrọ̀ táyà ọkọ̀ rẹ̀ kí yìnyín tó dé. Lọ́jọ́ Àìkú, á gbé ike kan tí ẹran inú ìkarahun òkun kún, èyí tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ là ní àtíbàbà etí omi, á kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Bàbá Sol! Kí lẹ wá ṣe?"

"Kò sí o. Mo kàn ń kọjá lọ ni."

Òkè tí ilé Hye-rin wà kò já síbì kankan. Àpáta ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ wọlé mu tíì?"

"Rárá, rárá. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Á sì sọ̀ kalẹ̀ lọ, inú á máa bí i sí ara rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Ó rò pé obìnrin tó lè mọ ohun tí ọmọ tí kò sọ̀rọ̀ ń fẹ́, ó yẹ kó lè mọ tòun náà. Ó gbàgbé pé iṣẹ́ obìnrin náà gan-an ni pé kó má gbà láti mọ̀.

Ní ìparí oṣù Kìíní, nígbà tí Hye-rin ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Sol, mi ò ní pẹ́ lọ. Wọ́n ti gbà mí ní Daejeon láti oṣù Kẹta. Àwọn tíṣà bíi tèmi ni mo máa máa kọ́. Ọdún méjì ni."

"Daejeon," Dong-uk ní.

"Bàbá mi sì fẹ́ kí n pàdé ọkùnrin kan níbẹ̀. Wọ́n ní ó ní ilé ìtajà oògùn." Ó gbójú sókè wò ó, kò sì gbójú kúrò.

Ohun tó jáde lẹ́nu Dong-uk ni, "Ó dáa. Iṣẹ́ oògùn dáa."

Hye-rin so okùn bàtà rẹ̀ tó ti so tẹ́lẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni bàbá Hye-rin fúnra rẹ̀ dé láti Jinju. Ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ok Jae-pil lorúkọ rẹ̀. Ó dúró láàárín àwọn ẹ́ńjìnnì Dong-uk nínú kóòtù dúdú, kò fara kan nǹkan kan.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń gbé oúnjẹ lọ sílé ọmọ mi," ó ní. "Mi ò wá jà. Mo kàn fẹ́ béèrè. Kí lẹ fẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀?"

Àǹfààní rè é, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n gbé e wá bá a nílé. Ṣùgbọ́n Dong-uk rí ìbọ̀wọ́ mímọ́ ọkùnrin náà, ó rí bí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù òun ṣe rí, ó rántí pé ìyàwó òun ti kọ òun sílẹ̀, pé ọmọ òun wà lókè. Ìtìjú bò ó. Ó tẹrí ba kanlẹ̀.

"Kò sí nǹkan kan, sà. Tíṣà ọmọ mi ni wọ́n."

"Ẹ ṣeun," ọkùnrin náà ní, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. "Ẹ̀yin náà lọ́mọ obìnrin. Ẹ mọ bó ṣe ń rí."

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Hye-rin wọlé, kò rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mi ní ẹ sọ pé kò sí nǹkan kan."

"Tíṣà, mo..."

"Ẹ jókòó sẹ́yìn Sol. Iṣẹ́ ti yá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ, ó ń bá arúgbó ṣàwàdà, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀dọ̀ Dong-uk, ojú rẹ̀ á rékọjá. Dong-uk kò lè jẹun. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́bàá omi bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù.

Sol ní tirẹ̀ ń tẹ̀ síwájú. Káàdì rẹ̀ ti di mẹ́rìndínlógún, wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé kan tó ń gbé kọ́rùn. Ẹ̀kọ́ tuntun tí Hye-rin ń kọ́ ọ ni pé kó dìde, kó gbé káàdì lọ bá ẹni tó ní nǹkan náà, níbikíbi tí onítọ̀hún bá wà nínú ilé.

Ọjọ́bọ̀ tó kẹ́yìn oṣù Kejì, Dong-uk gòkè láti wá wo Sol níbi tó ti ń sun oorun ọ̀sán. Kò bá a. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Títì ńlá ló wà lẹ́yìn ilé, omi ló wà lẹ́yìn títì. Ó sáré, ó ń pe orúkọ ọmọ tí kì í dáhùn. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó wo ojú omi. Ìgbà tó dé ẹnu àtíbàbà tí àwọn obìnrin ti ń la ìkarahun, ó bá gbogbo wọn lórí ìdúró, ọ̀bẹ wọn wà lórí tábìlì.

Láàárín wọn, ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó ń sunkún. Sol dúró ti eékún rẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì tí wọ́n fi ewé òkun wé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún. Nínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà arúgbó náà ni káàdì wà, ó tutù rinrin.

"Ebi pa á," ìyá rẹ̀ ní. "Mo gbé ìrẹsì ẹ̀ sínú báàgì mi láàárọ̀, mo gbàgbé. Ó mọ̀ pé ọwọ́ mi ló wà. Dong-uk, mo kẹ̀yìn sí i! Mi ò mọ̀! Láyé mi, mi ò mọ̀ pé ebi ń pa ọmọ yìí. Òun ló wá sọ fún mi."

Dong-uk ṣubú lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbá a mọ́ra.

Ìyá rẹ̀ nu imú. Ó wá dojú kọ ọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́rin sọdá títì kó lè sọ ohun tó fẹ́. Ìwọ ńkọ́, baba ẹ̀?"

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ nípa èmi àti Tíṣà?"

"Ta ni ò mọ̀?" obìnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Gbogbo etí omi ló mọ̀," ìyá rẹ̀ ní. "Àmọ́ kí làwa fẹ́ fi ṣe? Lọ sọ ọ́."

"Ẹ ò sì fẹ́ràn rẹ̀."

"Ó gba ọsàn lọ́wọ́ mi nínú ilé mi. Mi ò tíì dárí jì í. Lọ mú un wá kí n lè máa bá a jà."

Lọ́jọ́ Sátidé, Dong-uk wọ kóòtù kan ṣoṣo tó ní, ó wakọ̀ lọ sí Jinju. Ó fi orí kanlẹ̀ níwájú Ok Jae-pil.

"Mo fẹ́ fi ọmọ yín ṣaya, sà."

"Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ní kò sí nǹkan kan."

"Irọ́ ni mo pa, sà."

Ọkùnrin àgbà náà gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó ti kọ̀ yín sílẹ̀ rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọmọ yín kò ní dàgbà bíi tàwọn yòókù láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ọmọ mi ló máa gbé e rù títí ayé."

"A jọ máa gbé e ni, sà. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹ sọ."

Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ṣí gbà. Hye-rin, tó wá kí bàbá rẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀, jáde, iyọ̀ àti omi kábéèjì tó ń fọ̀ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ṣé bàbá mi lẹ fẹ́ fẹ́ ni?"

Dong-uk gbé orí sókè nílẹ̀.

"Mo ní ṣé bàbá mi ni! Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ lọ, ẹ̀yin gbé tiyín wá sí ibí. Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó níwájú yín, Bàbá Sol. Oṣù mẹ́rin!"

"Hye-rin," bàbá rẹ̀ ní.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ó sọ̀rọ̀."

Dong-uk yí padà lórí eékún rẹ̀ títí tó fi kọjú sí i.

"Hye-rin," ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ tí kò pè é ní tíṣà. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ kó o fẹ́ mi. Mo fẹ́ kó o má lọ sí Daejeon."

Nígbà tí Hye-rin sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ. Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo máa lọ sí Daejeon."

"Ọdún méjì?"

"Ọdún méjì. Àwọn ọmọ bíi Sol pọ̀, àwa tíṣà kò tó. Ìfẹ́ mi, ẹni tó bá béèrè, wọ́n lè dá a lóhùn pé rárá. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra rẹ̀."

Ó dun Dong-uk, ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí òun dúró sí wàyí, kò sì mọ̀ ọ́n rí láti ìgbà tó ti pàdé rẹ̀. "Màá máa wá ní Sátidé," ó ní.

"Èmi ò tíì sọ pé mo gbà o," bàbá rẹ̀ wí.

"A ti gbọ́, Bàbá," Hye-rin dáhùn.

Odindi ọdún kan ni ọkùnrin náà fi kọ̀. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lórí fóònù bóyá "ọmọ yẹn" ti jẹun. Dong-uk ń wakọ̀ lọ sí Daejeon, ó ń wakọ̀ bọ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀ títí di ọjọ́ tí ó kó ẹrù Hye-rin sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó sì fi okùn dì í.

Oṣù Kẹrin ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Tongyeong. Sol ti pé ọdún mẹ́fà, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan. Aṣọ ayẹyẹ ń yún un lára, nítorí náà bàtà òjò àti súwẹ́tà ló wọ̀. Nígbà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán, ayàwòrán tò wọ́n sórí ìlà, ẹbí ọkọ lápá kan, ẹbí ìyàwó lápá kejì. Àwọn èèyàn ń pariwo, iná kámẹ́rà ń bù yẹ̀rì.

Sol kúrò lórí ìlà. Ó kọjá níwájú ìyá àgbà rẹ̀. Ó kọjá níwájú bàbá rẹ̀. Ó dúró níwájú Hye-rin, ó ṣí ìwé rẹ̀, ó to káàdì méjì tẹ̀ léra, ó já wọn kúrò lára ìwé, ó sì gbé wọn lé e lọ́wọ́.

Hye-rin kà á sókè. "Mo fẹ́. Ilé."

"Ẹ ní kó ṣe sùúrù díẹ̀, ìyàwó," ayàwòrán bẹ̀bẹ̀. "Mélòó kan ló kù."

Dong-uk wo ojú aya rẹ̀. Hye-rin ti ń yọ ohun ọ̀ṣọ́ kúrò lórí.

"Ó fẹ́ lọ sílé," ó ní, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. "Ẹ jẹ́ ká lọ sílé wa."

Ìyá Dong-uk ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣáájú wọn.

"Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ ni mo ti rí i lójú ẹ̀," ó wí fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Mo kàn pa ẹnu mi mọ́ ni."